Ṣé ó yẹ kí òfin káńsù ní ọjọ́ ikú? Ìdáhùn fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà kan ní Ìbàdàn

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ wa nìyí: "Inú ọjà kan ní Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ wa ti ń tajà. Oríṣi owó mẹ́fà ni àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ń gbà lọ́wọ́ wa lọ́dún, kò sì sẹ́ni tó rántí ìgbà tí wọ́n ṣe òfin tó gbé púpọ̀ nínú wọn dúró. A gbọ́ pé láwọn ìlú kan, òfin máa ń kú fúnra rẹ̀ tó bá ti pé iye ọdún kan, àfi tí ìjọba bá tún un yẹ̀ wò. Ṣé a lè ní irú rẹ̀ níbí? Ọdún mélòó ló dára? Ṣé kò ní dá rògbòdìyàn sílẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá akọ̀wé. Ó ṣeé ṣe, kò sì sí ohun tó dí i lọ́wọ́ nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí a kọ sí ìsàlẹ̀ òfin kọ́ ni iṣẹ́. Inú oṣù méjìdínlógún tó ṣáájú ọjọ́ náà ni iṣẹ́ wà. Ìjọba tó bá kọ ọjọ́ sílẹ̀ tí kò ṣètò oṣù wọ̀nyẹn, nǹkan méjì ló sábà máa ń bá a: yálà kí wọ́n máa fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ lódidi láìkà á, tàbí kí òfin tó ń dáàbò bo ìlú kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní òfin ìjọba nínú ọjà jẹ́ nǹkan mẹ́rin tí agbára wọn kò dọ́gba. Èyí tó lágbára jù ni òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àgọ́dì ṣe, tí gómìnà sì bu ọwọ́ lù. Ìlànà tí kọmíṣọ́nnà gbé kalẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ìyẹn tí òfin kan bá fún un láyè láti gbé e kalẹ̀. Ẹ̀kẹta ni òfin káńsù, èyí tí àwọn kánsẹ́lọ̀ jókòó ṣe. Ẹ̀kẹrin ni sẹ́kúlà, lẹ́tà tí ọ̀gá kan fọwọ́ sí, tàbí ìkéde orí rédíò. Ti ìkẹyìn yìí kì í ṣe òfin rárá. Abala 36(12) ìwé òfin 1999 sọ pé a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn tí òfin kíkọ kò dárúkọ, tí kò sì sọ ìyà rẹ̀. Ní Èkó, wọ́n mú ẹnì kan nítorí pé ó wà lójú títì lásìkò ìmọ́tótó ìparí oṣù, wọ́n sì ní kó san owó ìtanràn. Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Ní 2016, ilé-ẹjọ́ náà ní kò sí òfin kíkọ tó de ìrìn ènìyàn nígbà tí wọ́n mú un, àṣẹ gómìnà kò sì lè rọ́pò òfin.

Nínú owó mẹ́fà yín, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan tàbí méjì wà tí kò ní òfin nídìí. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò nílò ọjọ́ ikú, nítorí kò tíì wà láàyè rí. Ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ aṣòfin kankan.

Bí ẹ ṣe máa wá a nìyí. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Tí ìwé tí ẹ béèrè bá pọ̀ gan-an, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Iléeṣẹ́ tó bá fi àìtọ́ fi ìwé dù yín, ₦500,000 ni owó ìtanràn tí òfin náà kọ sílẹ̀ dè é. Ó pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń jiyàn pé òfin àpapọ̀ yìí kò kàn wọ́n, àmọ́ Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti parí ìyẹn ní oṣù kẹrin 2025: ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Fún owó kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè orúkọ òfin rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, abala tó dárúkọ owó náà gan-an, nọ́ńbà àti ọjọ́ gẹ́sẹ́ẹ̀tì (ìwé ìkéde ìjọba) tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, àti ọjọ́ tí wọ́n yí iye rẹ̀ padà gbẹ̀yìn. Owó kan, lẹ́tà kan. Tí ẹ bá kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú lẹ́tà kan ṣoṣo, èyí tó rọrùn ni wọ́n máa dáhùn, ìyókù á sùn sínú fáìlì. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí ẹ ó mú padà sílé, nítorí láti ọjọ́ òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ ó ti máa ka ọjọ́ méje.

Ìbàdàn ní ìṣòro kan tí ìlú tuntun kò ní. Òfin tó wà lórí ọjà kan lè ti ọwọ́ ìjọba mẹ́ta tàbí mẹ́rin wá: Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, tí àkójọ òfin rẹ̀ jáde ní 1959, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn tó gbapò rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976, tó ní àkójọ tirẹ̀ ní 1978 àti 2000, àti káńsù Ìbàdàn àtijọ́, kó tó di pé wọ́n fọ́ ọ sí márùn-ún. Abala 315 ìwé òfin 1999 ló gbé àwọn òfin àtijọ́ wá sí òde òní: òfin tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú àtúnṣe tó bá yẹ. Ìjọba ń lọ, òmíràn ń bọ̀, òfin kì í bá wọn lọ. Kódà Àtẹ Kẹrin ìwé òfin náà, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ṣì dárúkọ láìsẹ́ńsì kẹ̀kẹ́ ológeere, ti bárò, ti ọmọlanke, ti ọkọ̀ ojú omi kékeré, títí kan láìsẹ́ńsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Aṣòfin ìpínlẹ̀ kò lè fọwọ́ kan Àtẹ náà. Òfin káńsù tó jókòó sábẹ́ rẹ̀, tó sọ iye tí ẹ ó san, ni ọjọ́ ikú lè bá.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní òfin tó ń kú fúnra rẹ̀ ṣàjèjì sí Nàìjíríà, ẹ ní kó ka abala 305. Tí Ààrẹ bá kéde pàjáwìrì, ìkéde náà ń kú lọ́jọ́ méjì tí àwọn ilé aṣòfin àpapọ̀ bá wà lórí ìjókòó tí wọn kò fọwọ́ sí i, tàbí lọ́jọ́ mẹ́wàá tí wọn kò bá sí lórí ìjókòó. Kódà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, oṣù mẹ́fà ni òpin rẹ̀, àfi tí wọ́n bá tún fi oṣù mẹ́fà mìíràn kún un kí èyí àkọ́kọ́ tó pé. Òfin ìṣúná náà ní ọdún tirẹ̀. Abala 122 sì jẹ́ kí gómìnà lè máa náwó fún oṣù mẹ́fà ó pọ̀ jù tí ìṣúná tuntun kò bá tíì jáde. Ẹ fi ọkàn sí abala 122 yẹn: àwọn tó kọ ìwé òfin mọ̀ pé ohun tó ní ọjọ́ ikú nílò àlàfo díẹ̀ kí ìlú má bàa dúró. Nígbà Kòrónà, ìlànà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020 kọ ọjọ́ mẹ́rìnlá sílẹ̀ fún ìsémọ́lé Èkó, Ògùn àti Àbújá. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó di dandan kí ó tún jáde wá bá ará ìlú sọ̀rọ̀ kó tó fi mẹ́rìnlá mìíràn kún un. Ohun tí ọjọ́ ikú wà fún nìyẹn: ẹni tó fẹ́ kí òfin máa bá a lọ ni yóò wá ṣàlàyé, kì í ṣe ẹni tí òfin ń ni lára.

Nílẹ̀ òkèèrè, Australia la rò pé ó ṣe é dáadáa jù. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 2003, ìlànà ìjọba àpapọ̀ wọn máa ń kú lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ méjì péré lọ́dún ni ikú náà sì lè bọ́ sí: ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin tàbí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Oṣù méjìdínlógún ṣáájú, orúkọ gbogbo èyí tó fẹ́ kú gbọ́dọ̀ ti dé iwájú ilé aṣòfin. Ìlànà tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ gbogbogbòò wọn, ìjọba kò lè fi mú ẹnikẹ́ni. Ní tiwa, apá ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì ju ọdún mẹ́wàá náà lọ. Ìpínlẹ̀ New South Wales nínú orílẹ̀-èdè kan náà lo ọdún márùn-ún, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án sì ni tiwọn.

Amẹ́ríkà ló fi ibi tó ti ń bàjẹ́ hàn. Colorado ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí níbẹ̀ ní 1976, Texas tẹ̀ lé e ní 1977. Iléeṣẹ́ ìjọba fúnra wọn ni Texas fún ní ọjọ́ ikú, ọdún méjìlá-méjìlá, ìgbìmọ̀ ẹni méjìlá ló sì ń yẹ̀ wọ́n wò: sẹ́nétọ̀ márùn-ún, aṣojú márùn-ún, ará ìlú méjì. Ó ti ṣe wọ́n láǹfààní gan-an. Ṣùgbọ́n ní 2017, ilé aṣòfin parí ìjókòó láìfọwọ́ sí àbádòfin tó máa gba ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ lọ́wọ́ ikú, torí pé àwọn kan fẹ́ fi í gba ohun mìíràn tí wọ́n ń jà fún. Gómìnà ní láti pè wọ́n padà fún ìjókòó àkànṣe. Ní Idaho nígbà náà, ọdọọdún ni gbogbo ìlànà máa ń kú, ọdọọdún sì ni wọ́n máa ń fi àbádòfin kan ṣoṣo sọ gbogbo rẹ̀ jí, láìsí pé ẹnikẹ́ni kà á. Ní 2019 wọ́n tú ká láìfọwọ́ sí i. Ìwé tó ju 8,000 ojú ewé lọ ló wà lábẹ́ ìlànà wọ̀nyẹn. Gómìnà Brad Little ní láti tún èyí tí wọ́n nílò gbé jáde fún ìgbà díẹ̀, ó sì lo àǹfààní náà láti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kú lọ. Àwọn kan yìn ín. Àwa kò rò pé ó yẹ kí àṣìṣe ilé aṣòfin jẹ́ ọ̀nà tí a ó fi máa palẹ̀ òfin mọ́.

Ẹ béèrè ọdún mélòó. Ìṣirò ni kí ẹ ṣe, kì í ṣe ohun tó dùn létí. Ká ní òfin 60 ni káńsù kan ní. Àtúnyẹ̀wò kan tí kì í ṣe ti ojú ayé gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12: méjì láti kó àkọsílẹ̀ owó jọ, mẹ́rin fún ìpàdé àti ìwé àwọn ará ọjà, méjì láti kọ ìròyìn, mẹ́rin níwájú àwọn kánsẹ́lọ̀. Tí gbèǹdéke bá jẹ́ ọdún márùn-ún, òfin 12 ló kàn lọ́dún, tó túmọ̀ sí pé nǹkan bí mẹ́ta ló máa wà lórí tábìlì nígbàkígbà. Amòfin kan àti akọ̀wé kan lè ṣe é. Tí ẹ bá ní ọdún méjì-méjì, 30 ló kàn lọ́dún, méje ni yóò máa wà lórí tábìlì pọ̀, ibẹ̀ ni fífọwọ́ sí lódidi ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá rọrùn fún òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n náírà kì í dúró de ẹnikẹ́ni fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo Òfin Ìsémọ́ ti 1926, tí wọ́n tìtorí Kòrónà gbé jáde láti inú eruku: ₦200 ni owó ìtanràn tó wà nínú rẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹ̀wọ̀n náà kò dín kù, owó náà kò ra búrẹ́dì. Adájọ́ tó bá fẹ́ jẹni níyà tó tọ́ kò ní ohun kan láàárín.

Nítorí náà, ọdún márùn-ún fún òfin tó ń gbowó lọ́wọ́ ènìyàn. Mẹ́wàá fún èyí tó kàn ń sọ bí a ṣe ń ṣe nǹkan. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ fún ohun pàjáwìrì.

Ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, nítorí ìṣúná ló ń gba gbogbo àkókò aṣòfin nígbà náà. Ní ọdún ìdìbò, ẹ sá fún ohun gbogbo láti ìgbà ìpolongo títí dé oṣù kẹsàn-án: ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni wọ́n ń gbé ìjọba léni lọ́wọ́, ilé aṣòfin tuntun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yan olórí àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ló dára jù lójú tiwa. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọgbọ̀n òfin pé ọjọ́ ikú lọ́jọ́ kan náà. Ẹ pín wọn ní ìsọ̀rí, kí owó ṣáájú, kí ìyókù tẹ̀ lé e.

Ohun tí ẹ lè fi síwájú amòfin yín rèé, kó tún un tò bó ṣe yẹ:

"Òfin yìí yóò dẹ́kun iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2031, àfi tí Ìgbìmọ̀ Káńsù bá ti tún un ṣe ṣáájú ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí a ti tẹ ìròyìn àtúnyẹ̀wò rẹ̀ jáde fún ará ìlú fún ọjọ́ 30 ó kéré tán. A kò gbọ́dọ̀ fi ìpinnu kan ṣoṣo tún ju òfin ẹyọ kan lọ ṣe. Ìwé àṣẹ tí a ti fún ẹnikẹ́ni lábẹ́ òfin yìí yóò wà títí ọjọ́ tí a kọ sí i lára yóò fi pé. Gbèsè àti ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà kò parẹ́. Òfin tí òfin yìí ti wọ́gi lé kò ní jí dìde."

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ìjàǹbá tó ń dènà. "Tún un ṣe" la kọ, a kò kọ "fa ẹ̀mí rẹ̀ gùn", nítorí ẹni tó ń tún òfin ṣe yóò fi ojú kan iye owó, orúkọ iléeṣẹ́ àti abala kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fa ẹ̀mí gùn á kàn yí ọdún padà. Gbólóhùn kejì ni oògùn ohun tó ṣe Idaho. Ẹ̀kẹta wà fún ọmọ ẹgbẹ́ yín tó sanwó ìwé àṣẹ ọdún kan ní oṣù kẹsàn-án: tí òfin bá kú ní oṣù kẹwàá, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé ìwé rẹ̀ ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin kì í dùn mọ́ ọlọ́jà nínú, ṣùgbọ́n láìsí i, gbogbo ẹni tó jẹ gbèsè yóò dúró de ọjọ́ ikú kó tó yọjú. Òfin Ìtumọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ pàápàá, ní abala 6 rẹ̀, ní kíkú òfin kò pa ẹ̀tọ́ tàbí gbèsè tó ti wà nílẹ̀ rẹ́, kò sì jí òfin àtijọ́. Ẹ ṣì kọ ọ́ sínú òfin káńsù kedere, kí agbowó inú ọjà, tí kì í ka Òfin Ìtumọ̀, lè rí i kà.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìròyìn àtúnyẹ̀wò ni ọ̀pọ̀ káńsù ń kọ ní ọ̀rọ̀ dídùn. Owó ni kí ẹ béèrè. Ẹ mú láìsẹ́ńsì bárò bí àpẹẹrẹ. Ká ní agbowó méjì ló ń gbà á, tí owó oṣù wọn sì jẹ́ ₦70,000 tí òfin àpapọ̀ ti 2024 gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù. ₦1,680,000 nìyẹn lọ́dún, kí a tó ka ìwé tíkẹ́ẹ̀tì, kí a tó ka owó ọkọ̀. Tí bárò tó wà nínú ọjà bá jẹ́ 300, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san ₦3,000 lọ́dún, ₦900,000 ni gbogbo ohun tó wọlé. Káńsù ń fi owó wá owó tí kò tó o. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí kankan láti rí ọjọ́ kejì ọjọ́ ikú rẹ̀, àfi tí ẹnì kan bá lè sọ ohun mìíràn tó ń ṣe, bíi kí a mọ ẹni tó ń ti bárò tí ẹrù bá sọnù. Kí ìròyìn náà tún sọ bóyá iléeṣẹ́ mìíràn ń gba owó lórí ohun kan náà, bíi pátákó ìpolówó tí káńsù àti ìpínlẹ̀ lè máa fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, iye ẹni tí wọ́n gbé lọ sílé-ẹjọ́ lábẹ́ òfin náà láàárín ọdún márùn-ún, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ gan-an tí òfin náà bá kú lóru òní. Bí wọn kò bá rí èsì tó nítumọ̀ fún ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, iṣẹ́ ti parí.

Ẹ̀ka tó ń gbowó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kọ ìròyìn náà. Kí ó kó ìwé owó kalẹ̀, kí ẹlòmíràn kọ ìròyìn. Ohun kan tó tún yẹ kí ẹ fi sọ́kàn: ẹni tó fẹ́ kí owó dín kù yóò wá sí ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún, ẹni tó ń jẹ nínú gbígba owó náà wà ní káńsù lójoojúmọ́. Tí ẹgbẹ́ yín kò bá lè rán ènìyàn sí ìpàdé tó tó méjì tàbí mẹ́ta fún òfin kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ikú yóò kàn di ọjọ́ tí wọ́n ń fi owó kún owó ni.

Ẹ béèrè bóyá yóò dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Lórí owó bárò, rárá. Lórí àwọn nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ la sì ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń sọ pé kí gbogbo òfin máa kú. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 kò ní gbàgbé Odò Ògùnpa, bẹ́ẹ̀ ni omi tún ṣọṣẹ́ ní oṣù kẹjọ 2011. Ìlànà tó sọ bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí bèbè odò tó, ẹ má fún un ní ọjọ́ ikú. Ká ní ó kú ní oṣù kẹwàá nítorí pé àwọn aṣòfin wà ní ìsinmi, tí wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù kejì. Láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an tí gbogbo ènìyàn ń kọ́lé, ìpìlẹ̀ á ti gòkè, ẹni tó kọ́lé á sì jiyàn nílé-ẹjọ́ pé kò sí òfin tó dè é nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò ní lè wó o mọ́ láìsanwó. Irú ìlànà báyìí, ọjọ́ àtúnyẹ̀wò ló yẹ ẹ́: kí ìjọba gbọ́dọ̀ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún márùn-márùn, ṣùgbọ́n kí ìlànà náà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ìròyìn bá tilẹ̀ pẹ́. Ọ̀nà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàn fún ọ̀pọ̀ ìlànà tó kan oníṣòwò láti 2015 nìyẹn. Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ ni pé tí wọn kò bá ṣe àtúnyẹ̀wò, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Bákan náà ni àkọsílẹ̀ oyè. Ètò tó gbé ènìyàn láti ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun dé orí ìtẹ́ Olúbàdàn kì í ṣe ohun tí a ń fi déètì sí. Ẹ fojú inú wo kí ó kú nígbà tí ìtẹ́ ṣófo. Ohun tó kan ìwé ilẹ̀, ìgbéyàwó àti ogún náà, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti mú un wá. Èyí tó gbòòrò jù ni kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi abala kan kún òfin ìjọba ìbílẹ̀, pé òfin káńsù tó bá ń gbowó kò ní ju ọdún márùn-ún lọ. Abala 7 ìwé òfin ló fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe òfin lórí ètò àti ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀, yóò sì de gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33 lẹ́ẹ̀kan náà. Àbádòfin gbọ́dọ̀ la ìwé kíkà mẹ́ta àti ìgbìmọ̀ kọjá. Gómìnà ní ọjọ́ 30 láti fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé, ìyẹn 22 nínú àwọn aṣòfin 32, lè sọ ọ́ di òfin láìsí i. Ó gba sùúrù. Ọ̀nà kejì ni kí káńsù kan ṣe é fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n káńsù tó bá gbapò rẹ̀ lè fagi lé e láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ̀kẹta ló yá jù, òun la máa gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ẹ má tíì fọwọ́ kan òfin àtijọ́ kankan. Ẹ dúró de òfin owó tuntun tàbí àfikún owó tí káńsù yín bá tún fẹ́ gbé jáde, ó dájú pé ọ̀kan ń bọ̀, kí ẹ sì ní ẹ ó ti i lẹ́yìn tí wọ́n bá fi gbólóhùn márùn-ún òkè yẹn sí i. Ó máa ń rọrùn fún kánsẹ́lọ̀ láti gba ọjọ́ ikú sínú òfin tó ń wá ìtìlẹ́yìn fún ju kó pa èyí tí owó ti ń wọlé láti inú rẹ̀ lọ.

Kí ìpàdé lórí òfin tuntun yẹn tó dé, ẹ ní kí ọmọ ẹgbẹ́ ogún ó kéré tán kó rìsíìtì ọdún kan jọ. Ẹ to ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ sí ọjọ́, ẹ kọ iye, orúkọ owó àti nọ́ńbà rìsíìtì sí bébà kan, ẹ sì ṣàmì sí èyí tí wọ́n gba owó rẹ̀ láìfún wọn ní rìsíìtì. Ẹ so ó mọ́ èsì lẹ́tà mẹ́fà yẹn, títí kan èyí tí wọn kò fèsì sí. Ẹ fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀ ní ẹ̀dà kan, alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó ní ọ̀kan, kí ẹ̀kẹta tó ní òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.